Ohun Tó Fẹ́ Dà

Ní Joju, níbi tá a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́, obìnrin kan àti ọmọ àbúrò rẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Àǹtí, mi ò ṣe iṣẹ́ yẹn mọ́.”

“Lẹ́yìn tí mo ti bẹ ọ̀gá nítorí ẹ? O fẹ́ dójú tì mí!”

“Ẹ má bínú, mà. Àtìgbà tí mo ti Ìwó dé, ẹ ò béèrè ohun tí mo fẹ́ dà lọ́wọ́ mi rí.”

“Ta ló béèrè lọ́wọ́ èmi náà rí?”

Ó fi ìbínú sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe sọ ọ́ tán, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Bọ́ọ̀sì dé, obìnrin náà kò mira.

“Ó dáa, kí lo fẹ́ dà?”

“Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe, mà.”

“Máa lọ sílé. Màá sọ fún ọ̀gá fúnra mi.”

Òun nìkan ló bá wa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí iléeṣẹ́ ní Agbára.