Ọmọ Méjì Tí Mo Kọ̀ Láti Kà

Ẹ bá mi wo ọmọ tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yìí. Àbíkẹ́ ni, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ń fi ọwọ́ wá igbá omi tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ahọ́n mi ló fọ́ ọ lójú. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní Soclogbo, abúlé wa ní ilẹ̀ Ìdáàṣà, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni irọ́, èmi náà ni mo purọ́ fún dókítà.

Ọmọ méjì la ti bí ṣáájú rẹ̀, kò sí èyí tó pé oṣù méjì nínú wọn. Wọ́n á mu ọmú, wọ́n á bì í, ojú wọn á pọ́n rúsúrúsú, ikùn wọn á wú. Nígbà tí Àbíkẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní dókítà kan wà ní Kútọnu tó mọ àìsàn ọmọdé tí kò wọ́pọ̀. A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi jókòó lórí ẹní kí ó tó kàn wá.

Faransé ni dókítà ń sọ, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Kétu, ló ń túmọ̀.

"Bàbá, ọmọ mélòó lẹ ti bí?"

Nílé wa, a kì í ka ọmọ, a kì í sì í dárúkọ èyí tó ti lọ, kí ikú má baà rántí ilé. Mo ti dàgbà kí n tó kọ́ ìwé, mo sì ti bá àwọn ará abúlé Kpingni wí nítorí irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ n kò tíì bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ìtìjú sì wà níbẹ̀: ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ òun bàjẹ́?

"Òun ni àkọ́bí," ni mo wí. Ìyàwó mi gbójú sókè. Mo wò ó, ó tún gbójú sílẹ̀.

Dókítà bi mí bóyá ọmọ mìíràn ti ṣe báyìí rí nínú ẹbí wa. Mo ní rárá. Ni wọ́n bá ń tọ́jú ibà. Ọmọ ń mu ọmú, ọmọ ń joro. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nǹkan funfun bí ìkúùkù bo ẹyinjú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi dìde níwájú dókítà.

"Bàbá Àbíkẹ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún dókítà pé ọmọ kẹta nìyí. Àwọn méjì tí mo sin, báyìí ni wọ́n ṣe."

Nọ́ọ̀sì wò mí. "Olùkọ́ ìjọ, ẹnu yín mà ṣòro ṣí ju àpáta Ìdáàṣà lọ o."

Dókítà ṣàlàyé pé ara ọmọ náà kò lè lo ṣúgà inú wàrà, pé ọmú gan-an ni májèlé rẹ̀, àti pé lọ́dọ̀ àwa méjèèjì ló ti jogún rẹ̀. Ká ní òun gbọ́ nípa àwọn méjì yẹn lọ́jọ́ kìíní ni, òun ìbá ti fura. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ṣe fún ìkókó, tí wọ́n pò mọ́ omi, rọ́pò. Ikùn rẹ̀ fà, ó yè. Ojú kò padà.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi, dídi ẹnu ló mú un wá. Ẹ̀yin òbí, bí oníṣègùn bá ní kí ẹ ka ọmọ yín, ẹ ka òkú mọ́ alààyè.

Lánàá, Àbíkẹ́ bi mí bóyá òun nìkan ni mo bí. Mo ní rárá, mẹ́ta ni yín. Inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè orúkọ wọn. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ku ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀, pé irọ́ mi ló fọ́ ọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni bàbá ṣe ń sọ irú ìyẹn fún ọmọ?