Àṣẹ́kù Tí Ṣítù Fẹ́ Jẹ

Ọpẹ́ ni fún Ọba tó ń pín àrísìkí láìgbàgbé ẹnì kan. Ẹ̀yin mùsùlùmí, àti ẹ̀yin ará tí ẹ kàn wá bá wa jókòó, ọ̀rọ̀ tòní kò le: ẹni tó bá ń pín nǹkan fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kó wá nọ́ńbà tó máa pín in dọ́gba láìṣẹ́kù. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ ní mo ti di tíṣà ìṣirò? Ẹ dúró ná. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìṣirò yìí.

Alápatà ni Ṣítù. Òun ni wọ́n fi àmáánà pípín sàráà Iléyá lé lọ́wọ́ ní agbo ilé wọn, níbi tí ìdílé méjìlá wà. Àṣà wọn ni pé bí nǹkan bá ṣẹ́kù tí kò ṣeé pín mọ́, ti ẹni tó pín in ni. Áà, àṣà yìí dùn mọ́ Ṣítù! Lọ́dọọdún ló ń wá bí nǹkan yóò ṣe ṣẹ́kù.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ègé ẹran méjìdínláàádọ́ta àti iṣu mẹ́rìndínlógójì ló délẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bá a pín in. Ọ̀nà méjì ńkọ́? Ó pín. Mẹ́ta? Ó pín. Mẹ́rin, mẹ́fà? Ó pín. Mẹ́rìndínlógún? Ẹran gbà, iṣu kọ̀. Méjìdínlógún? Iṣu gbà, ẹran kọ̀. Èyí tó tóbi jù tí àwọn méjèèjì gbà ni méjìlá: ẹran mẹ́rin, iṣu mẹ́ta, fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ṣé Ọlọ́run ò ti pín in tán? Inú Ṣítù ló bàjẹ́. Kò sí àṣẹ́kù!

Ó wá rántí Ráfátù, opó tó ń ṣe tàkàbà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá rẹ̀ kò tíì pé, kò lè jáde wá síbi ìpín. Ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́, iná ò sì tíì jó nínú ààrò rẹ̀ láti àná. Ṣítù ní, "Ta ni yóò mọ̀?" Ó pín in sí mọ́kànlá. Ẹran mẹ́rin ṣẹ́kù, iṣu mẹ́ta ṣẹ́kù. Ó rọra fà á sẹ́yìn ara rẹ̀.

Jímọ́, àbúrò olóògbé ọkọ Ráfátù, ti rí i. "Ẹ̀gbọ́n, ti ìyàwó wa ńkọ́?"

"Ilé tí ọkọ ti kú, ṣé ilé lo ṣì ń pè é? Àṣẹ́kù nìyí, tèmi ni."

"Àṣẹ́kù? Ẹ kà á! Mẹ́rin, mẹ́ta. Èmi náà, kí lẹ fún mi? Mẹ́rin, mẹ́ta! Ìpín odidi ilé lẹ ń pè ní àṣẹ́kù. Olè!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ká Ṣítù lára. Jímọ́ nawọ́ sí ẹran, Ṣítù gbá a létí. Jímọ́ fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ bò ó lẹ́nu. Wọ́n wọ̀yá ìjà, wọ́n yí lórí ẹran, wọ́n yí lórí iṣu. "Ẹ là wọ́n o!" Ta ni yóò là wọ́n? Ọwọ́ Ṣítù ti kan àdá tó fi ń gé egungun. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣá a, láàárín ọrùn àti èjìká. Ojú Ṣítù wá là. "Jímọ́! Jímọ́, dìde, gbà á, kó gbogbo ẹ̀!" Jímọ́ ò lè gba nǹkan kan mọ́. Kí láàsárì tó tó, wọ́n ti sin ín.

Ṣé Ṣítù jẹ ẹran náà? Àwọn ọ̀dọ́ fi igi ṣẹ́ ọwọ́ tó fi ń pín nǹkan, èyí náà ò sì dáa, kí ọlọ́pàá tó gbé e lọ. Ṣé Ráfátù jẹ ẹ́? Ẹ̀jẹ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀ ti rin ín gbingbin, wọ́n gbẹ́lẹ̀ bò ó. Ráfátù jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń retí oúnjẹ. Ẹkún ìyàwó Jímọ́ ló gbọ́. Òun náà ti wọ tàkàbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín ogún, tí ẹ ń pín ilẹ̀, tí ẹ ń pín sàráà, kí ẹ tó sọ pé nǹkan ṣẹ́kù, ẹ tún èèyàn kà. Kí Ọlọ́run fi wá mọ̀nà, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀tọ́ opó há wa lọ́fun. Ẹ ṣe àmín.