Agolo Tábà tí Orí Ọba Wà Lára Rẹ̀

Ní Ìgòlò, ọdún kejì tí a gba òmìnira, mo dúró nídìí àtẹ ìyá kan tó ń ta tábà ìkòkò, ọkùnrin kan sì wà níwájú mi.

"Ìyá, agolo yìí ti dípẹtà. Ẹ fún mi ní tuntun. Bàbá ìyàwó mi ni mo fẹ́ lọ bẹ̀ ní Làgbé. Oṣù mẹ́ta rèé tí ìyàwó mi ti kó lọ bá a."

"Kí lo ṣe fún un?"

"Mo bú u lójú àwọn èèyàn."

"Bàbá rẹ̀ ń fa ìkòkò?"

"Láràárọ̀."

"Èyí tó dípẹtà ni wàá gbé. Wo orí tó wà lára rẹ̀. Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ọkùnrin ni."

"Ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ti kú nìyẹn. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti jọba, orí obìnrin ni wọ́n ń yà sí i. Tábà yìí ti tó ọdún méje nínú agolo."

Mo rọra sọ fún ìyá náà pé ó tó mẹ́wàá. Ó rẹ́rìn-ín.

"O gbọ́? Tíṣà ti fi mẹ́ta kún un."

"Ṣé kò tíì bàjẹ́?"

"A kò tíì ṣí i rí. Tuntun máa ń ta èèyàn láhọ́n. Èyí ti sùn, inú rẹ̀ ti rọ̀."

Ọkùnrin náà yí agolo náà lọ́wọ́. "Inú rẹ̀ ti rọ̀. Ohun tí màá kọ́kọ́ sọ fún bàbá nìyẹn."

"Rárá o. Ìyàwó rẹ lo bú, òun ni kó o kọ́kọ́ bẹ̀. Jẹ́ kí agolo bá bàbá sọ̀rọ̀."