Imú ni Bàbá Máa Fi Rí Ilé

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Garki lọ sí Kubwa, ọkùnrin kan tó gbé àpò àlùbọ́sà lé itan jókòó níwájú mi, ó ń bá ìyá àgbàlagbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ìnáwó lo fẹ́ ṣe ni?"

"Rárá, mà. Ilé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ la kùn lọ́dà, òórùn rẹ̀ ò jẹ́ ká mí. Wọ́n ní kí n gé àlùbọ́sà sínú omi, kí n gbé e sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la."

"Ṣí fèrèsé sílẹ̀ dáadáa, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù. Inú bàbá á dùn tí wọ́n bá rí ilé yẹn."

"Ojú wọn ti fọ́, mà."

"Ha! Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Ni ọkùnrin náà bá bú sẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún wọn láàárọ̀ pé mò ń lé òórùn ọ̀dà. Wọ́n pariwo mọ́ mi lórí fóònù: 'Má lé e tán o! Imú ni mo máa fi rí ilé ọmọ mi.'"

Ìyá náà pàtẹ́wọ́. "Kai! Imú ni wọ́n máa fi rí i!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dáa, ṣí gbogbo fèrèsé, ṣùgbọ́n ti yàrá kan pa. Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ mú wọn dé, kí wọ́n fi imú kí ilé."

Bí ọkùnrin náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Kubwa, fóònù ti wà létí rẹ̀. Ó ń pariwo pé, "Bàbá, mo ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún imú yín!"