Ohun Tí Mo Kọ Nípa Bàbá Onílántànà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti lé ní ọdún méje tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sọ ọ́ fún Alfa wa. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ẹnì kan ń gbàdúrà fún mi nítorí rẹ̀, àdúrà ọ̀hún sì ń bà mí lẹ́rù.

Akọ̀wé ìjọba ni mí níbí, ní Ìlọrin. Nígbà tí ìpínlẹ̀ wa ṣì jẹ́ tuntun, ìjọba fẹ́ fún àwọn agbo ilé oníṣẹ́ ọwọ́ ní owó ìrànwọ́, kí wọ́n fi tún ojúde wọn ṣe, kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, kí àwọn àlejò lè máa ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí lọ́dọ̀ wa. Agbo ilé kan péré ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú ní àdúgbò wa. Ọ̀gá mi rán mi pé kí n lọ wo méjì, kí n kọ ohun tí mo bá rí.

Agbo ilé àwọn ahunṣọ ni àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí èyí: olórí ibẹ̀ ni bàbá Ràmótù, ọmọbìnrin tí mo ń fẹ́ nígbà náà, bàbá rẹ̀ kò sì tíì gbà fún mi. Ó máa ń sọ pé ẹnu nìkan ni akọ̀wé ní.

Èkejì ni ilé Bàbá Yíísá. Lántànà ló ń ṣe, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta pupa tí àwọn ọba àti àwọn ọlọ́lá ń wọ̀ láyé ọjọ́un. Òun nìkan ló kù tó ṣì ń ṣe é ní àdúgbò wa. Hàwáwù, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ opó, ló ń tọ́jú rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin Hàwáwù méjèèjì sì ti ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ bàbá wọn àgbà.

Mo rò pé n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àárọ̀ ni mo dé, ìrun àsárì ìrọ̀lẹ́ ló gbé mi dìde. Ẹ wò ó, n kò mọ bí n ó ṣe sọ ohun tí mo rí. Òkúta kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gùn ju oríkèé ìka lọ, ó sì ti wà lórí ẹyọ kan náà láti ọjọ́ mélòó kan. Ó fi irin ṣóńṣó lé e lórí, ó ń fi òòlù kékeré kàn án díẹ̀díẹ̀, ó ń ta omi sí i. Ó ti lu ihò dé àárín láti òkè, ó wá ń lu òmíràn bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ihò méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé nínú òkúta, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò dé. Tó bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, òkúta á là. Ojú Bàbá kò sì ríran dáadáa mọ́.

Mo bi í pé báwo ló ṣe ń mọ̀.

“Ọwọ́ ló ń gbọ́ ọ, ọmọ mi,” ló wí. “Tó bá kù díẹ̀, òkúta á yí ohùn padà. Wá, gbọ́wọ́ lé e.”

Mo gbọ́wọ́ lé e. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Nígbà tí ihò méjèèjì pàdé, ó gbé òkúta náà sókè fún mi, mo rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn nínú rẹ̀. Mo ní Sùbúhánàlláhì. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní láti kékeré lòun náà ti ń wí bẹ́ẹ̀, kò sì tíì sú òun.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo jókòó ti fọ́ọ̀mù. Mo ro ti Ràmótù, mo ro ti bàbá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan kan. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ pé Bàbá Yíísá ti fọ́jú, kò lè ṣe lántànà mọ́, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo sáré gbé e fún ọ̀gá mi kí n má baà yí ọkàn padà.

Wọ́n fún àwọn ahunṣọ lówó náà, bàbá Ràmótù sì gbà fún mi. Mo fẹ́ Ràmótù. Aya rere ni, ó bí ọmọ mẹ́ta fún mi. N kò gba ojúde Bàbá kọjá mọ́. Tí mo bá ń lọ sí Táíwò Road, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà. Mo gbọ́ pé ó kú, n kò lọ kí wọn.

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan wá láti yunifásítì, ó ń wá ẹni tó lè ṣe lántànà lójú òun. Ọ̀gá wa tuntun ní kí n mú un káàkiri. Ibi gbogbo tí a dé, wọ́n ní kò sí mọ́. Ó ní òun ti gbọ́ orúkọ Bàbá Yíísá, kí n mú òun débẹ̀. Mo mú un débẹ̀.

Hàwáwù dá mi mọ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní ọdún méjì gbáko ni Bàbá fi ń gbálẹ̀ ojúde láràárọ̀, tó ń rọ àwọn ọmọ pé kí wọ́n ní sùúrù, àwọn àlejò ń bọ̀. Nígbà tó sú wọn, ọ̀kan lọ ń wakọ̀ ní Ọ̀fà Garage, ìkejì lọ sí Kàdúná.

“Bàbá ò bínú sí yín rárá, akọ̀wé,” ló wí. “Ó ní ẹ sa ipá yín, ìjọba ni ò gbọ́. Gbogbo Jímọ̀ ló ń ṣàdúà fún yín. Nígbà tó fẹ́ kú, ó ní kí n máa bá òun ṣe é lọ. Mi ò jẹ́ kó yẹ̀ rí.”

Mo ti dúró níwájú ọba, mo ti dúró níwájú gómìnà, n kò tíì rí ohun tó tóbi tó obìnrin yẹn lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá jẹ́wọ́, Ràmótù yóò mọ ohun tí mo fi fẹ́ ẹ, Hàwáwù yóò sì mọ ẹni tó tú àwọn ọmọ rẹ̀ ká. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo wà ní mọ́ṣáláṣí, n kò lè gbórí sókè, torí mo mọ̀ pé Hàwáwù wà lórí ẹní ìrun nílé, ó ń dárúkọ mi. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é mọ́, ṣùgbọ́n yóò bi mí pé nítorí kí ni.