Gíláàsì Ọkọ̀ Àmọ̀sù

Àmọ̀sù fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé orúkọ tó wà nínú káàdì ìdánimọ̀ òun kì í ṣe tòun. Bàálé kan, ará Baoulé, ẹ̀yà tó nilẹ̀ Bouaké ní Ivory Coast níbí, ló fi orúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú, Kúàsí, mú un wọ ilé ìwé, orúkọ náà sì bá a dàgbà. Ó sọ ọ́ fún mi nítorí pé Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà ni àwọn baba wa ti wá, mo sì jù ú lọ dáadáa. Àìsàn tó ń ṣe mí yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́. Ìwé tí mo kọ́ lọ́jọ́ alẹ́ ni mo fi ń kọ ohun tí ẹnu mi kò lè sọ láwùjọ. Èmi Sèlíátù, aláṣọ, ni mo fi Àmọ̀sù lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ọkọ̀ ló fà á. Pijó kupé méjì péré ló wà láàárín àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago ní Bouaké, onílẹ̀kùn méjì, tó ba sílẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò. Pupa ni tèmi. Mo rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó kó kúrò ní ilé iṣẹ́ aṣọ Gonfreville nígbà tí nǹkan le. Búlúù ni ti Àmọ̀sù. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ ti lọ; ọkọ̀ yẹn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, mo sì mọ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ. Kò pẹ́ tí wọ́n já iye owó sẹ́fà tí à ń ná sí ìdajì, òkúta ta lójú ọ̀nà, ó fọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀. Gíláàsì kupé kì í ṣe ti onílẹ̀kùn mẹ́rin. Bámgbóṣé, mẹkaníìkì wa ní àdúgbò Ahougnansou, wá a títí ó fi sú u. Ó ní, "Màmá, àfi ti Àmọ̀sù o." Ẹ́ńjìnnì ti Àmọ̀sù ti kú, àmọ́ gíláàsì rẹ̀ ń dán. Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, mo ní, "Àdìó, ta òkú ọkọ̀ yẹn fún mi." Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ta tiyín, Màmá. Afọ́jú lẹ gbé kalẹ̀ yẹn." Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára gíláàsì náà.

Lọ́jọ́ kan ó sáré wá sọ fún mi pé òun ti rí ẹ́ńjìnnì l'Ábíjàn. Mo mọ̀ pé bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti lè rìn, kò ní tà á mọ́ láé. Mo ní èmi náà ń lọ ra aṣọ. A jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà.

Nígbà yẹn, ta ni ọmọ ilẹ̀, ta ni àjèjì, òun ni gbogbo ẹnu ń sọ. Lẹ́nu ọ̀nà ìlú, ọlọ́pàá sọ gbogbo wa kalẹ̀. Àwa àjèjì tò sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú káàdì ìgbélùú wa. Àmọ̀sù tò sáàárín àwọn ọmọ ilẹ̀. Ó na káàdì Kúàsí. Ọlọ́pàá wò ó, ó ti fẹ́ dá a padà fún un. Ìgbà yẹn ni mo pè é. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe tọ́ ọ: bí àgbà bá ki í lóríkì, ara rẹ̀ á dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó gbọ́. Mo gbóhùn sókè: "Àdìó! Àdìó ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́!" Ó ké pé, "Màmá!" ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí títì. Ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo Kúàsí! Baoulé wo ló ń nà sílẹ̀ fún Anago?" Àmọ̀sù dìde, ó wò mí. Mo fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ mọ́ lẹ́nu. Ìkà ni mí.

Gbogbo àdúgbò wa, Dougouba, gbà pé àṣìsọ ni. Wọ́n ń tù mí nínú, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa tù mí. Wọ́n ti Àmọ̀sù mọ́lé, ikọ́ mú un níbẹ̀, wọ́n sì lé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò dé rí. Ibẹ̀ ló kú sí. Èyí tó burú jù nìyí: kí ìròyìn ikú rẹ̀ tó dé, mo ti lọ bá Qoreebah, ìyàwó rẹ̀, mo ra ọkọ̀ búlúù náà. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ pé mo ṣàánú òun. Bámgbóṣé yọ gíláàsì náà fún mi, mo wa kupé mi yí ọjà ká, àwọn ọmọge ń ké, "Màmá Kupé!" Inú mi dùn. Ọlọ́run gbọ́, inú mi dùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ fẹ́ràn kò burú. Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ tí èèyàn bá dà bí ìdènà láàárín ẹ̀yin àti ohun náà.

Láàárọ̀ yìí mo ránṣẹ́ pe Qoreebah, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n ń mú un lọ, ó ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú yín. Ó ní ẹ̀yin ni ìyá òun." Mo bi í pé, "Ṣé ó mọ̀ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?" Ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jáde. Mo pè é, mo tún pè é. Kò bojú wẹ̀yìn.