Jósẹ́fù Mímọ́ Nínú Ilé Ìmàle

Nígbà tí mo ṣì ń ru iṣu láti oko wọ Kambolé láìsinmi lọ́nà… ìgbà yẹn ni mò ń sọ. Fẹlisí ọmọ ọmọ mi, jókòó. O ní àwọn ará ìjọ yín ní Sokodé fẹ́ gbé ère ẹni mímọ́ wá sílé rẹ ní àdúgbò Komah, wọ́n ní kí Sàlífù ọkọ rẹ kọ́kọ́ jáde nítorí pé ìmàle ni. O ní nǹkan kékeré ni. Nǹkan kékeré, àbí?

Gbọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ń gbàdúrà sí Jósẹ́fù Mímọ́ nígbà tiwa. Kì í ṣe bíi tiyín tí ẹ óò gbé ère kalẹ̀, tí ẹ óò ka ṣapúlẹ́, àdúrà orí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, tán, tí ẹ óò gun ọ̀kadà lọ sílé. Ẹsẹ̀ làwa fi ń gbé ère rẹ̀ kiri, ilé kan lójúmọ́. Ibi tó bá sùn, ibẹ̀ ni gbogbo ìjọ ti ń jẹun. Ilé tí wọ́n bá fò… hùn, ìlú mọ̀ pé wọn ò kà ọ́ kún.

Ọdún méje ni wọ́n fi fo tèmi. Kí lẹ̀ṣẹ̀ mi? Mo fẹ́ bàbá àgbà rẹ, ẹni tí kì í pa ìrun kan jẹ. Òun náà ló sì ń ra àbẹ́là tí mò ń tàn ní ṣọ́ọ̀ṣì o!

Lọ́dún kẹjọ, mo lọ bá katikísì tó ń darí ìjọ wa. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ọkọ mi jáde títí wọn yóò fi gbé ẹni mímọ́ lọ. Mo sọ fún ọkọ mi. Kò bínú. Ó ká ẹní ìkírun rẹ̀, ó mú búútà, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ọlọ́run mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà! Mo ti ń gbálẹ̀. Ìgbà tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, tó ká ẹní mọ́ abíyá, nílé tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ, ojú tì mí. Mo gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó padà jókòó.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n kọrin dé. Katikísì rí ọkọ mi lórí àga, ó dúró sójú kan. Ó ní ṣé a ò jọ sọ̀rọ̀ ni.

Mo ní, “Bàbá, Jósẹ́fù tí ẹ gbé wá yìí, ọkọ tó gba ohun tí kò yé e sínú ilé rẹ̀ ni. Tèmi nìyí. Bí ẹ bá ní kó jáde, ẹ máa gbé ère yín lọ.”

Opó kan, ará Bago, ló ru ère náà; ó ní ọrùn ń dun òun o. Ó kọjá lára katikísì, ó wọlé. Ọkọ mi ló dìde, òun ló bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Wọ́n sọ̀rọ̀ mi títí. Mi ò tọrọ àforíjì, mi ò sì ní tọrọ rẹ̀ báyìí tí mo darúgbó.

Ayé ti yí o, Fẹlisí. Ẹ kàwé, ẹ mọ Faransé, ẹ wá ń bẹ̀rù ohun tí àwa ò bẹ̀rù. Bí o bá fọwọ́ ara rẹ ti Sàlífù síta nítorí àwọn èèyàn yìí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ìwọ náà síta, ta lo fẹ́ kó ṣílẹ̀kùn fún ọ?